RNA Aláìjíṣẹ́: Àwọn Tó Ń Darí Ọ̀rọ̀ Lábẹ́lẹ̀ Nínú Jẹjẹrẹ Ọrùn Ilé-Ọmọ

Ní oṣù mélòó kan sẹ́yìn, àǹtí kan ní àdúgbò wa fi fọ́tò èsì àyẹ̀wò ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Ohun tó wà nínú ìwé náà kò ju ìlà mẹ́ta lọ: wọ́n rí HPV, irú èyí tó léwu, kí wọ́n padà wá rí dókítà. Mi ò tíì kà á tán tí ìpè wọn fi wọlé.

"Ìwọ tó ń kàwé sáyẹ́ǹsì, ṣé jẹjẹrẹ ni wọ́n ní mo ní yìí?"

Mo ní rárá o, àǹtí, ẹ fọkàn balẹ̀, HPV kì í ṣe jẹjẹrẹ. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n wá ní, "Ó dáa. Ṣé ó máa wá di jẹjẹrẹ?"

Ibẹ̀ ni ẹnu mi ti wọhò.

Kì í ṣe pé mi ò kàwé o. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé dókítà tó mọṣẹ́ jù lọ náà kò lè wo obìnrin kan lójú kó sọ fún un pé tìrẹ máa lọ fúnra rẹ̀, tàbí pé tìrẹ máa dúró kó di wàhálà. Ọ̀pọ̀ obìnrin ló ń ní HPV, ìwọ̀nba díẹ̀ nínú wọn ló ń ní jẹjẹrẹ. Kí ló fa ìyàtọ̀? Ibi tí ọ̀pọ̀ olùwádìí ti ń wá ìdáhùn báyìí jẹ́ ibi tí a ò kà sí nǹkan kan tẹ́lẹ̀, ìyẹn àwọn RNA tí kì í di purotéènì. Òun la máa sọ lónìí. Ọ̀rọ̀ náà le díẹ̀, àmọ́ ẹ má sá lọ, a máa rọra lọ.

Fáírọ́ọ̀sì tí jíìnì rẹ̀ kò ju mẹ́jọ lọ

Ọrùn ilé-ọmọ ni ọ̀nà tóóró tó so ilé-ọmọ mọ́ ojú ara obìnrin. Ní ọdún 2022, nǹkan bí 660,000 obìnrin ni wọ́n rí jẹjẹrẹ yìí lára wọn káàkiri àgbáyé, nǹkan bí 350,000 sì kú. Ní Nàìjíríà, ìṣirò ọdún 2020 sọ pé nǹkan bí 12,000 ló ní in lọ́dún yẹn, nǹkan bí 8,000 ló sì bá a lọ. Ẹ tún nọ́ńbà yẹn kà. Bí a bá rí mẹ́ta tuntun, àfi bí ẹni pé a ń sin méjì. Jẹjẹrẹ tó ṣeé dènà mà ni o.

Onímọ̀ ará Jámánì kan, Harald zur Hausen, ló fi hàn pé fáírọ́ọ̀sì HPV ló ń fà á. Ní ọdún 1983 ni òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ rí HPV 16 nínú jẹjẹrẹ náà, wọ́n rí HPV 18 ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Àwọn méjèèjì yìí ló wà nídìí nǹkan bíi méje nínú mẹ́wàá. Wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 2008.

HPV wọ́pọ̀ gan-an. Ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn tó ti ní ìbálòpọ̀ rí, lọ́kùnrin lóbìnrin, ló máa kó o nígbà kan láyé wọn, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìṣekúṣe rárá. (Mo ní láti sọ èyí fún àǹtí lẹ́ẹ̀mejì, nítorí ohun tó ń jẹ wọ́n lọ́kàn jù nìyẹn, wọn ò kàn fẹ́ sọ ọ́ jáde.) Láàárín ọdún kan sí méjì, ara ọ̀pọ̀ ènìyàn á ti lé e jáde. Àwọn tó bá dúró sí lára ni ìṣòro. Àwọn náà, kì í yá: ó lè gba ọdún 15 sí 20 kó tó di jẹjẹrẹ. Àmọ́ bí obìnrin bá ní HIV tí kò sì lo oògùn rẹ̀, ó lè má ju ọdún 5 sí 10 lọ.

Fáírọ́ọ̀sì yìí kéré. DNA rẹ̀ kò ju nǹkan bí 8,000 lẹ́tà lọ, jíìnì rẹ̀ ò ju bíi mẹ́jọ. Jíìnì tàwa ènìyàn tó ń di purotéènì tó nǹkan bí 20,000. Báwo ni mẹ́jọ ṣe wá ń gbé 20,000 ṣubú? Méjì nínú mẹ́jọ yẹn ló ń ṣe iṣẹ́ ibi náà, orúkọ wọn ni E6 àti E7.

Nínú sẹ́ẹ̀lì, purotéènì kan wà tí wọ́n ń pè ní p53. Ẹ pè é ní ọlọ́dẹ àdúgbò. Bí DNA sẹ́ẹ̀lì bá bàjẹ́, òun ló máa ní kó dúró ná, kó tún ara rẹ̀ ṣe; bí kò bá ṣeé tún ṣe mọ́, á ní kó kú. E6 kì í bá ọlọ́dẹ yìí jà rárá. Purotéènì mìíràn tó jẹ́ ọmọ bíbí inú sẹ́ẹ̀lì fúnra rẹ̀ ló máa lọ bẹ̀ lọ́wẹ̀, wọ́n á jọ lẹ àmì pàǹtírí mọ́ p53 lára, ibi tí sẹ́ẹ̀lì ti ń lọ àwọn purotéènì tó ti gbó á sì lọ̀ ọ́ kúnná. E7 ní tirẹ̀ gba pRb mú, ìyẹn purotéènì tó ń di sẹ́ẹ̀lì lọ́wọ́ kó má máa pín láìnídìí. Ọlọ́dẹ ti lọ, bíréèkì ti já.

Bí fáírọ́ọ̀sì náà bá sì ti pẹ́ lára, DNA rẹ̀ lè já kó lọ wọ inú DNA tiwa. Níbi tó ti máa ń já, jíìnì rẹ̀ kan tó ń jẹ́ E2 sábà máa ń bàjẹ́. E2 yìí gan-an ló sì ń kó E6 àti E7 níjàánu tẹ́lẹ̀. Ìgbà yẹn ni wọ́n máa wá ya wèrè.

Títí débí, ohun tó wà nínú gbogbo ìwé nìyẹn. Àmọ́ bó bá jẹ́ pé p53 àti pRb nìkan ni ọ̀rọ̀ náà, a ò bá máa rí jẹjẹrẹ kíákíá ju báyìí lọ. Nǹkan púpọ̀ mìíràn gbọ́dọ̀ yí padà nínú sẹ́ẹ̀lì kó tó lè kúrò ní ibi tó wà, kó ya wọ ẹran ara tó wà lábẹ́ rẹ̀, kó sì rìnrìn àjò. Ta ló ń yí wọn padà?

Ìránṣẹ́ àti aláìjíṣẹ́

DNA dà bí ọba tí kì í jáde láàfin. Bó bá fẹ́ kí wọ́n ṣe purotéènì kan, ńṣe ló máa rán ìránṣẹ́. RNA ni ìránṣẹ́ yẹn, òun ló ń gbé ọ̀rọ̀ jáde lọ síbi tí wọ́n ti ń to purotéènì pọ̀. Ohun tí wọ́n kọ́ wa ní sẹ́kọ́ńdìrì nìyẹn, ó sì jóòótọ́.

Ohun tí wọn ò kọ́ wa ni pé nínú bílíọ̀nù mẹ́ta lẹ́tà tó wà nínú DNA wa, bí ìdá méjì péré nínú ọgọ́rùn-ún ló ń di purotéènì. Èyí tó kù ńkọ́? Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn kan ń pè é ní pàǹtírí. Bẹ́ẹ̀, púpọ̀ nínú pàǹtírí yìí ni sẹ́ẹ̀lì ń kọ sílẹ̀ di RNA. RNA wọ̀nyẹn kò gbé iṣẹ́ kankan tó máa di purotéènì. Mo ń pè wọ́n ní RNA aláìjíṣẹ́, torí pé a ò rán wọn níṣẹ́ kankan láti jẹ́. Kì í ṣe pé wọ́n ya ọ̀lẹ o. Nínú agbo ilé, bàbá àgbà tó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ kò roko, àmọ́ òun ló ń sọ ẹni tó máa lọ sóko lónìí.

Ní ọdún 1993, Victor Ambros àti Gary Ruvkun ní Amẹ́ríkà ń wo kòkòrò ekòló kan tí gígùn rẹ̀ kò ju mìlímítà kan lọ. Wọ́n rí jíìnì kan nínú rẹ̀, lin-4, tí kò ṣe purotéènì kankan. RNA kékeré kan tí kò ju lẹ́tà 22 lọ ló ń ṣe, RNA kékeré yìí ló sì ń dí ìránṣẹ́ jíìnì mìíràn lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé àṣà ekòló lásán ni. Ìgbà tó di ọdún 2000 ni wọ́n rí òmíràn, let-7, wọ́n wá rí i pé ó wà lára ènìyàn náà pẹ̀lú. Orúkọ tí wọ́n fún irú wọn ni microRNA. Ambros àti Ruvkun gba Nobel ní ọdún 2024, ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n lẹ́yìn tí wọ́n tẹ iṣẹ́ náà jáde. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe ìwádìí tí ẹnikẹ́ni ò kà sí, ẹ ò tíì pẹ́.

Bí microRNA ṣe ń ṣiṣẹ́ rèé. Ó máa wọ inú purotéènì kan tó ń jẹ́ Argonaute, àwọn méjèèjì á jọ máa wá ìránṣẹ́ kiri. Bí wọ́n bá rí RNA ìránṣẹ́ tó ní ibì kan tó bá lẹ́tà bíi méje ti microRNA náà mu, wọ́n á lẹ̀ mọ́ ọn. Nígbà mìíràn wọ́n á jẹ́ kó máa dúró láìlè jíṣẹ́, nígbà mìíràn wọ́n á mú kó fọ́ yángá. Ọ̀rọ̀ ọba ò dé ọjà. Nítorí pé lẹ́tà méje kò pọ̀, microRNA kan ṣoṣo lè dá ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìránṣẹ́ oríṣiríṣi dúró. Ẹ fi èyí sọ́kàn, ó máa wúlò fún wa tó bá yá, ó sì máa kó wa sí wàhálà.

Àwọn mìíràn wà tó gùn ju lẹ́tà 200 lọ, wọ́n ń pè wọ́n ní lncRNA. Òmíràn tún wà tí orí àti ìrù rẹ̀ lẹ̀ pọ̀ bí òrùka, circRNA nìyẹn.

Nígbà tí fáírọ́ọ̀sì bá dé àárín wọn

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ ọlọ́dẹ wa, p53. Ní ọdún 2007, ẹgbẹ́ olùwádìí bíi mélòó kan rí i, ní àkókò kan náà, pé p53 kì í dá ṣọ́ ilé. Ó ní ọmọ iṣẹ́ kan, microRNA tó ń jẹ́ miR-34a. Bí p53 bá ti rí ewu, ńṣe ló máa ní kí miR-34a pọ̀ sí i, òun náà á wá lọ dá ìránṣẹ́ àwọn jíìnì tó ń sọ fún sẹ́ẹ̀lì pé "máa pín, máa pín" dúró. Ó tún ń dá ìránṣẹ́ BCL2 dúró, ìyẹn jíìnì tí kì í jẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì tó yẹ kó kú kú.

Ẹ ti mọ ibi tí mò ń lọ. E6 bá ti pa p53, ta ló máa pe miR-34a? Ní ọdún 2009, àwọn olùwádìí fi hàn nínú sẹ́ẹ̀lì ọrùn ilé-ọmọ pé ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an nìyẹn: E6 wọlé, miR-34a wálẹ̀. Ìyẹn ni pé ìbàjẹ́ tí fáírọ́ọ̀sì yìí ń ṣe kì í dúró sórí purotéènì tó fọwọ́ kàn. Ó pa ẹnì kan, gbogbo àwọn tí ẹni yẹn ń bá wí sì di aláìgbọ́ràn.

Ìdàkejì rẹ̀ ni miR-21. Èyí kì í wálẹ̀, gígùn ló ń gùn òkè. Nínú oríṣiríṣi jẹjẹrẹ, títí kan ti ọrùn ilé-ọmọ, ó máa ń pọ̀ kọjá ààlà. Ọ̀kan nínú àwọn ìránṣẹ́ tó ń dá dúró ni ti PDCD4, jíìnì kan tó ń dí ìdàgbàsókè jẹjẹrẹ lọ́wọ́. Nígbà tí àwọn olùwádìí dí miR-21 lọ́nà nínú sẹ́ẹ̀lì HeLa, PDCD4 pọ̀ sí i, sẹ́ẹ̀lì náà ò sì pín bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́.

Sẹ́ẹ̀lì ní ohun tó fi ń mú miR-21 so. lncRNA kan ni, MEG3 lorúkọ rẹ̀. Mo fẹ́ràn MEG3 gan-an, ẹ má bi mí pé kí ló dé. Gbogbo wa la gba ẹ̀dà méjì rẹ̀, ọ̀kan látọ̀dọ̀ bàbá, ọ̀kan látọ̀dọ̀ ìyá, àmọ́ ti bàbá ń sùn ni, ti ìyá nìkan ló ń ṣiṣẹ́. MEG3 ní ibi tí miR-21 lè lẹ̀ mọ́ lára rẹ̀. Bí miR-21 bá ti lẹ̀ mọ́ MEG3, kò ráyè lọ dá ìránṣẹ́ ẹlòmíràn dúró. Àwọn onímọ̀ ń pe irú RNA bẹ́ẹ̀ ní kànrìnkàn, torí pé ó ń fa microRNA mu bí kànrìnkàn ṣe ń fa omi. Nínú jẹjẹrẹ ọrùn ilé-ọmọ, MEG3 máa ń dín kù. Kànrìnkàn ti lọ, omi wá kún ilẹ̀.

HOTAIR ni gbajúmọ̀ inú wọn. John Rinn àti Howard Chang ló kọ ìtàn rẹ̀ ní ọdún 2007. Orí kúrómósómù 12 ni wọ́n ti ń ṣe é, àmọ́ àwọn jíìnì tó wà lórí kúrómósómù 2 ló ń lọ pa lẹ́nu mọ́. Ohun tí wọ́n sọ nígbà náà ni pé ó máa ń mú àkójọ purotéènì kan tó ń jẹ́ PRC2 dání, bí ẹni tó ń júwe ilé fún oníkọ́kọ́rọ́, PRC2 á sì ti jíìnì náà pa. Nínú ọmú tó ní jẹjẹrẹ, HOTAIR tó pọ̀ jù ń bá jẹjẹrẹ tó ń tàn kiri rìn. Àwọn olùwádìí ní Ṣáínà àti Kòríà rí ohun tó jọ ọ́ nínú ti ọrùn ilé-ọmọ: níbi tí HOTAIR bá ti pọ̀, jẹjẹrẹ náà sábà máa ń ti dé àwọn kókó kéékèèké tí omi ara ń gbà kọjá, irú èyí tó máa ń wú wa ní abíyá bí ọwọ́ bá ní egbò.

Ó dùn ún gbọ́, àbí? Ní ọdún 2015, ìwádìí kan láti Íńdíà wá sọ nǹkan míì. Lára ọ̀pọ̀ àwọn aláìsàn wọn tó ní HPV 16, HOTAIR kò pọ̀, ńṣe ló dín kù ju ti àwọn tí kò ní fáírọ́ọ̀sì lọ. Àwọn díẹ̀ nìkan ni tiwọn ga, àwọn díẹ̀ yìí sì ni àmì ìtànkiri wà nínú jíìnì wọn. Wọ́n ní ó jọ pé E7 máa ń gbá HOTAIR mú, kó má lè ṣiṣẹ́ rẹ̀. Ìyẹn ni pé ká kàn ní "HOTAIR pọ̀, jẹjẹrẹ ti dé" kò tó. Ó lè jẹ́ pé jẹjẹrẹ tí à ń pè lórúkọ kan ṣoṣo yìí ju oríṣi kan lọ.

MALAT1 náà wà, orúkọ rẹ̀ ti inú jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró wá, ó máa ń pọ̀ nínú ti ọrùn ilé-ọmọ pẹ̀lú. Mi ò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Ohun kan ló yà mí lẹ́nu: ní ọdún 2012, wọ́n yọ MALAT1 kúrò pátápátá lára eku, eku náà sì ń jẹ, ó ń mu, ó ń bímọ bí ẹni pé kò sí nǹkan tó ṣẹlẹ̀. RNA kan lè má ṣe pàtàkì lára ẹni tí ara rẹ̀ dá, kó wá di ohun tí jẹjẹrẹ gbára lé.

Èyí tó kẹ́yìn ni mo fi pamọ́ nítorí pé òun ló dùn jù. Gbogbo RNA tí mo ti ń sọ bọ̀, tiwa ni. Ní ọdún 2019, àwọn olùwádìí ní Texas fi hàn pé HPV 16 fúnra rẹ̀ ń ṣe RNA olórùka, wọ́n pè é ní circE7. Nígbà tí wọ́n dín in kù nínú sẹ́ẹ̀lì CaSki, tó jẹ́ sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ ọrùn ilé-ọmọ, sẹ́ẹ̀lì náà kò lè dàgbà dáadáa mọ́, yálà nínú àwo tàbí lára eku. Ẹ wá gbọ́ èyí: òrùka tó yẹ kó jẹ́ aláìjíṣẹ́ yìí ń jíṣẹ́! Purotéènì E7 ń ti ara rẹ̀ jáde. Orúkọ tí a fún nǹkan nínú ìwé, fáírọ́ọ̀sì ò kà á.

Fíríìsà tó kọṣẹ́

Kí ẹ má bàa rò pé orí íntánẹ́ẹ̀tì nìkan ni mo ti ń rí RNA, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí. RNA kò lágbára. Ara ọwọ́ wa kún fún ẹ́ńsáìmù tó ń jẹ ẹ́. Bí o bá gbàgbé ìbọ̀wọ́, iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta ti wọgbó. Nítorí náà inú fíríìsà tó tutù tó ìwọ̀n 80 sísàlẹ̀ òdo la ń kó wọn sí. Ní òpin ọ̀sẹ̀ kan, iná lọ ní láàbù tí mo ti ń ṣiṣẹ́, jẹnẹrétọ̀ kò gbé, kò sì sẹ́ni tó mọ̀ títí di àárọ̀ ọjọ́ Ajé. Nígbà tí mo ṣí ilẹ̀kùn fíríìsà, omi ló kọ́kọ́ dà sí mi lẹ́sẹ̀.

Mo sunkún, mi ò ní purọ́. Ọ̀gá mi ní kí n má tíì dà á nù, kí n kọ́kọ́ wò ó ná. Àwọn RNA gígùn ti fọ́ túútúú. Àwọn microRNA ṣì wà níbẹ̀, tí mo ṣì rí kà. Nítorí pé wọ́n kúrú, tí purotéènì sì sábà máa ń bò wọ́n, wọn kì í tètè bàjẹ́ bíi ti àwọn yòókù.

Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìtùnú lásán. Ní àwọn ilé ìwòsàn ńlá, ẹran ara tí wọ́n bá gé lára aláìsàn fún àyẹ̀wò, wọ́n máa ń rẹ ẹ́ sínú fọ́málíìnì, wọ́n á sì fi ìda bò ó. Ó lè wà bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àwọn RNA gígùn inú rẹ̀ á ti bàjẹ́, microRNA inú rẹ̀ ṣì ṣeé kà. Ní orílẹ̀-èdè tí iná kì í dúró, ohun tó ṣeé kà láìsí fíríìsà ni mo fẹ́ kọ́ ìwádìí mi lé.

Ṣé ó ti wúlò fún ẹnì kankan?

Bẹ́ẹ̀ ni, ó kéré tán ọ̀kan. microRNA kan wà tó ń jẹ́ miR-124, òun náà wà lára àwọn tó ń dá jẹjẹrẹ dúró. Nínú jẹjẹrẹ ọrùn ilé-ọmọ, jíìnì rẹ̀ kì í sọ nù, àmì kẹ́míkà kéékèèké ló máa ń bò ó mọ́lẹ̀ tí kò fi lè ṣiṣẹ́. Bí sẹ́ẹ̀lì bá ṣe ń sún mọ́ jẹjẹrẹ tó ni àmì náà ń pọ̀ sí i. Àwọn olùwádìí ní Amsterdam wá ronú pé: kí ló dé tí a ò ka àmì yẹn? Wọ́n pa á pọ̀ mọ́ jíìnì mìíràn, FAM19A4, wọ́n sì sọ ọ́ di àyẹ̀wò fún obìnrin tí wọ́n bá ti rí HPV lára rẹ̀. Nígbà tí wọ́n wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí irú àwọn obìnrin bẹ́ẹ̀ láàárín ọdún 14 ní Netherlands, jẹjẹrẹ kò wọ́pọ̀ rárá lára àwọn tí wọn kò rí àmì yìí. Àyẹ̀wò náà tún ṣeé ṣe lórí ohun tí obìnrin fúnra rẹ̀ fi òwú gbà nínú yàrá rẹ̀, láìdùbúlẹ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Ìbéèrè àǹtí mi gẹ́lẹ́ nìyẹn. Kì í ṣe "ṣé fáírọ́ọ̀sì wà?" bí kò ṣe "ṣé ó ti ń lọ síbi tó burú?"

Ní ti oògùn, ẹ jẹ́ ká rọra. Ní ọdún 2013, ilé iṣẹ́ kan ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í dán MRX34 wò lára àwọn tó ní jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ àti oríṣi jẹjẹrẹ mìíràn. miR-34a tí wọ́n fọwọ́ ṣe ni, èrò wọn ni láti dá ọmọ iṣẹ́ p53 padà sẹ́nu iṣẹ́. Jẹjẹrẹ àwọn kan súnkì lóòótọ́. Àmọ́ agbára tí ara fi ń gbógun ti àìsàn dìde kọjá bó ṣe yẹ lára àwọn mìíràn, aláìsàn mẹ́rin kú, wọ́n sì dá iṣẹ́ náà dúró ní ọdún 2016. Ẹ rántí pé microRNA kan lè dá ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìránṣẹ́ dúró. Bí a bá dà á sínú gbogbo ara, kò sẹ́ni tó lè sọ ìránṣẹ́ tó máa bá pàdé lọ́nà.

Ohun mìíràn wà tí àwa tó wà nínú iṣẹ́ yìí kì í fẹ́ sọ síta. Ìwé ìwádìí tó sọ pé "lncRNA báyìí báyìí ló ń mú jẹjẹrẹ ọrùn ilé-ọmọ dàgbà" pọ̀ bíi yanrìn. Púpọ̀ nínú wọn lo aláìsàn ìwọ̀nba. A ti rí èyí tó jẹ́ ayédèrú pátápátá, tí àwọn kan kọ tà fún owó, wọ́n sì ti fa ọ̀pọ̀ nínú irú wọn padà. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi tẹ̀ lé ọ̀kan kí n tó rí i pé fọ́tò kan náà ni wọ́n yí po tí wọ́n lò lẹ́ẹ̀mejì. Láti ìgbà náà, bí ẹgbẹ́ mìíràn ní ibòmíràn kò bá tíì rí ohun kan náà, mi ò ní kọ ọ́ síbí.

Àwọn sẹ́ẹ̀lì tí a sì ń lò, ta ló ni wọ́n? HeLa tí mo dárúkọ lókè, ara Henrietta Lacks ni wọ́n ti gbà á, ní Johns Hopkins ní ìlú Baltimore, ní ọdún 1951. Obìnrin adúláwọ̀, ọmọ ọdún 31, ìyá ọlọ́mọ márùn-ún. Wọn ò tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀. Jẹjẹrẹ yìí náà ló pa á lọ́dún yẹn, HPV 18 sì ṣì wà nínú sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ títí di òní. Èyí tó pọ̀ nínú ohun tí a mọ̀ nípa RNA nínú jẹjẹrẹ yìí, ara sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ la ti kọ́ ọ, pẹ̀lú ìwọ̀nba sẹ́ẹ̀lì mìíràn bíi SiHa àti CaSki. Sẹ́ẹ̀lì tó ti ń gbé inú àwo láti àádọ́rin ọdún ó lé ti yàtọ̀ sí ohun tó wà lára obìnrin tó ń rìn lọ sọ́jà. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń lọ tọrọ ìda àtijọ́ ní yàrá àyẹ̀wò ilé ìwòsàn.

Àǹtí padà sọ́dọ̀ dókítà. Wọ́n fi omi kíkan bíi fínígà pa ibẹ̀ láti wò ó bóyá ojú kan máa funfun, kò sí. Wọ́n ní kí wọ́n padà wá lẹ́yìn ọdún kan. Mo ti kọ ọjọ́ náà sí fóònù mi, èmi àti wọn la jọ ń lọ. Ọmọ wọn obìnrin, ọmọ ọdún 11, ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára HPV ní ìlera alábọ́ọ́dé, lọ́fẹ̀ẹ́. Láti Oṣù Kẹwàá ọdún 2023 ni Nàìjíríà ti ń fún àwọn ọmọbìnrin ọdún 9 sí 14, ẹ̀ẹ̀kan péré sì ni.

Lọ́jọ́ tí wọ́n gba abẹ́rẹ́ ọmọ yẹn, wọ́n bi mí pé, "Àyẹ̀wò àwọn ará Netherlands tí o sọ fún mi, ṣé wọ́n lè ṣe é fún mi níbí?"

Mo ní wọn ò tíì gbé e dé ọ̀dọ̀ tiwa, àǹtí.

Wọ́n ní, "Ẹ̀yin tí ẹ ń kàwé rẹ̀, ẹ yára."